Ọkọ̀ Tí A Fi Ara Ènìyàn Wọ̀n

Ní ọdún 1760, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Francis Gastrell rìnrìn àjò dé ìlú Aberdeen ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Wọ́n fi ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn án níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìlú ti wí fún òun, ní nǹkan bí ọdún 32 ṣáájú ìgbà náà ni ọkọ̀ yìí já wọ odò Don, tòun ti ọkùnrin kan nínú rẹ̀. Wọ́n ní irun bo gbogbo ara ọkùnrin náà. Ó dà bí ẹni pé aṣọ onírun ni wọ́n rí tí wọ́n pè ní ara. Wọ́n ní èdè tí ó ń sọ kò yé ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìtọ́jú tí ó yẹ ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó lò láàrin wọn kí ó tó kú.

Kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi, nígbà tí mo ka ìtàn yìí, kì í ṣe ikú ọkùnrin náà ni ó kọ́kọ́ dùn mí. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ó dùn mí. Èmi tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀ pé ẹni tí ń kú lọ kì í dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Yóò béèrè omi. Yóò pe orúkọ ìyá rẹ̀. Bóyá ó tilẹ̀ sọ orúkọ ara rẹ̀ fún wọn, tí wọ́n rò pé ó ń béèrè oúnjẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a sọ sí etí àwọn ènìyàn onínúure, kò sì sí ọ̀kan tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù.

Bí mo ti ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Aberdeen ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ àwọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń pè ní Bọ̀dá, ti san owó sílẹ̀ láti lọ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọ́ bí a ti ń kan ọkọ̀ káyàkì ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan létí òkun. Nígbà tí ọjọ́ kù dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sí orí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ ni kí o lọ. Owó mi kò gbọdọ̀ ṣòfò." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ni mo wí o. Kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ọkọ́, kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ pàápàá yóò wọ inú ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

Àwọn Inuit, ẹ̀yà tí ó tẹ̀dó sí etí òkun yìnyín láti Alaska títí dé Gírínlándì, ni ó ni irú ọkọ̀ yìí, àwọn àti àwọn ìbátan wọn. Qajaq ni àwọn ará Gírínlándì ń pè é. Q tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tí ó sì parí rẹ̀ kì í ṣe k tiwa. Lẹ́yìn ibi tí a ti ń pe k, ní ìdí ọ̀fun lọ́hùn-ún, ni ó ti ń jáde wá. Ẹ dán an wò nígbà tí ẹ bá dá wà nínú yàrá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, qajaq ni. Bí ó bá di púpọ̀, qaannat ni. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Samuel Kleinschmidt, tí a bí ní Gírínlándì ní 1814, ni ó ṣe ìwé gírámà èdè náà tí ó lókìkí jù lọ. Berlin ni a ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1851; ọdún kan lẹ́yìn náà ni gírámà Yorùbá ti Àjàyí Crowther jáde ní London. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ kan ni Kleinschmidt fi ń kọ ohùn ìdí ọ̀fun yẹn, títí di 1973 tí wọ́n tún àkọtọ́ ṣe tí wọ́n sì fi q rọ́pò rẹ̀. Ìwé ìròyìn wọn, Atuagagdliutit, bẹ̀rẹ̀ ní 1861. Tiwa ní Abẹ́òkúta ti fi ọdún méjì ṣáájú rẹ̀. Inú mi dùn láti rí i pé ní àkókò kan náà tí àwọn bàbá wa ń jiyàn lórí bí a ó ti kọ ẹ àti ṣ, àwọn kan ń jiyàn bẹ́ẹ̀ láàrin yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí orí ọkọ̀. Níhìn-ín, bí ará Ìlàjẹ tàbí ará Ẹ̀pẹ́ bá fẹ́ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, igi ńlá ni yóò wá nínú igbó, tí yóò gé e lulẹ̀, tí yóò sì gbẹ́ inú rẹ̀. A ń yọ igi kúrò nínú igi títí ọkọ̀ yóò fi kù. Ní ilẹ̀ àwọn Inuit kò sí igbó. Igi tí wọ́n ń lò, omi ni ó ń gbé e wá fún wọn. Àwọn odò ńlá Sìbéríà, Ob àti Yenisei àti Lena, a máa fa igi ya létí bèbè, wọn a sì gbé e dé inú òkun; yìnyín yóò gbá a mú, yóò sì máa gbé e lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí yóò fi gúnlẹ̀ sí etí òkun Gírínlándì. Ẹni tí ó bá ń fi irú igi bẹ́ẹ̀ ṣe ọkọ̀ kò lè máa gbẹ́ ẹ dànù. Pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni yóò là á, tí yóò so ó pọ̀ bí ẹni so àgò adìẹ, tí yóò sì wá fi awọ bò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo mú tépù ìwọ̀n dání bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Olùkọ́ wa, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀tù tí oòrùn ti là, gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í sí àpò. Ó ní kí n na apá mi méjèèjì. Ìwọ̀n láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì mi lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn ni gígùn ọkọ̀ mi. Ó ní kí n jókòó sílẹ̀. Ìbú ìbàdí mi àti ìkúùkù méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ìyẹn ni fífẹ̀ rẹ̀. Ìkúùkù kan tí a na àtàǹpàkò lé lórí ni jíjìn rẹ̀ lẹ́yìn ibi ìjókòó. Báyìí ni àwọn ará Gírínlándì ti ń ṣe é láti ìrandíran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní àtúnṣe tirẹ̀. Àwa náà mọ ìgbọ̀nwọ́ àti ìka gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n nínú tiwa, ìgbọ̀nwọ́ ẹni kan lè wọn aṣọ ẹlòmíràn. Nínú tiwọn, ara ẹni tí yóò lò ó ni òfin. Àwa mẹ́fà ni a jọ ń kọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ mẹ́fà náà kò sì bá ara wọn mu.

Bàbá náà ní kí n máa pe òun ní orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ẹnu mi kò gbà á. "Olùkọ́" ni mo pè é títí tí a fi parí, àwọn yòókù sì ń fi mí ṣẹ̀rín.

Pákó gígùn méjì ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Wọn ni ó ń di ètí ọkọ̀ lókè. A so orí wọn pọ̀, a so ìdí wọn pọ̀, a sì fi àwọn igi ìdábùú yà wọ́n sọ́tọ̀ láàrin. Èyí tí ó tẹ̀ kọrọdọ níwájú ibi ìjókòó, tí itan ọlọ́kọ̀ yóò máa tì mọ́, ni wọ́n ń pè ní masik. A kò kan ìṣó kankan. Okùn ni a fi di gbogbo oríkèé. Àwọn Inuit a máa lo iṣan ẹran tàbí ọ̀já awọ, àwa lo okùn náílọ́ọ̀nù tí a fi ìda pa. Mo béèrè ìdí tí a kò fi kàn án kí a sì sinmi. Olùkọ́ kò dáhùn. Ó gbé egungun ọkọ̀ tí ó ti parí lé orí àpótí méjì, ó sì tẹ ẹ́ láàrin: ó rọ̀, ó sì padà bọ̀ sípò. Ìgbì òkun kì í fọ́ ohun tí ó bá mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan egungun ìhà. Ihò kéékèèké ni a fi ṣísẹ́lì gbẹ́ sí abẹ́ pákó méjèèjì, a sì to àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpótí gígùn kan tí ooru omi gbígbóná ń rọ́ gbà. Bí o bá ti fa ọ̀pá kan yọ, kò tó ìṣẹ́jú kan tí o ní láti fi tẹ̀ ẹ́ kí ó tó le padà. Mo jẹ́ ẹni tí ó máa ń rò kí ó tó ṣe. Ọ̀pá mẹ́ta ni mo rò títí tí wọ́n fi kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ní ti ẹ̀kẹrin, obìnrin kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo pé, "Má wò ó, tẹ̀ ẹ́!" mo sì tẹ̀ ẹ́. Mo kà á lẹ́yìn náà pé àwọn àgbà ọ̀kankàn ní Gírínlándì a máa fi eyín gé igi náà jẹ díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ó tẹ̀, kí ó má baà ya. N kò dá ìyẹn wò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ ni awọ. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó sọ nípa ọkọ̀ yìí, ọkùnrin ni wọ́n ń yìn: ọdẹ tí ó dá wà lórí omi, tòun ti ọ̀kọ̀ rẹ̀ tí ó so okùn mọ́, àti àpò awọ tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tí kì í jẹ́ kí ẹran tí ó gún rì. Èmi náà kà á, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun tí ọkùnrin so pọ̀, bí a bá gbé e sójú omi, yóò rì ni. Obìnrin ni ó ń sọ ọ́ di ọkọ̀. Òun ni ó ń bó awọ síìlì, ẹran òkun tí ó dà bí ajá tí a gé lẹ́sẹ̀. Òun ni ó ń ha ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí ó ń rẹ ẹ́, tí ó sì ń rán an nígbà tí ó tútù, kí ó lè fún mọ́ igi nígbà tí ó bá gbẹ. Awọ bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọkọ̀ kan ń gbà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í yọ sí òdìkejì awọ: yóò wọ inú awọ dé àárín, yóò sì yí padà, nítorí pé gbogbo ihò tí abẹ́rẹ́ bá lu já ni omi yóò fi wọlé. Àwọn obìnrin mélòó kan a máa jókòó yí ọkọ̀ kan ká, nítorí pé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dúró kí awọ tó gbẹ. Bí ẹnìkan bá rán tirẹ̀ láìbìkítà, ọkọ ẹnìkan kò ní padà wálé. Wọ́n tún ní ọkọ̀ tiwọn, umiaq, tí ó tóbi, tí a kò bo orí rẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin Gírínlándì ń wà tọmọtọmọ àti tẹrùtẹrù láti ibùdó kan dé èkejì.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ó nípọn ni a lò dípò awọ. Mo rò pé ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ ìránṣọ yóò jẹ́. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago méje alẹ́ ni mo fi rán an, ìka mi mẹ́rin sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ìyá mi tí ó jẹ́ aránṣọ, tí mo ti rò rí pé ó kàn jókòó ni.

Àwòrán ọkọ̀ Aberdeen wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, òun ni ó sì mú mi wá ìtàn rẹ̀ kiri. Ọkọ̀ náà ṣì wà títí di òní lára àwọn ohun àtijọ́ tí Yunifásítì Aberdeen ń tọ́jú. Àwòrán rẹ̀ ni mo rí, n kò rí òun fúnra rẹ̀. Ó gùn ju mítà 5 lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ààbọ̀ mítà. Francis Douglas tí ó kọ̀wé nípa etí òkun yẹn ní 1782 mẹ́nu kàn án pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ní orí òkun ni a ti mú un, tòun ti ọkùnrin "Íńdíà" kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ìtàn méjèèjì kò bá ara wọn mu lórí ọdún. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ìbá tún un ṣe ti kú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohun tí ó sọ.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní erékùṣù Orkney, ní àríwá Skọ́tlándì, àlùfáà James Wallace kọ ọ́ pé ní 1682 àti ní 1684 a rí àwọn ọkùnrin nínú ọkọ̀ awọ kéékèèké, ẹnìkan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sáré lọ nígbà tí a fẹ́ mú wọn. "Ará Finn" ni àwọn ènìyàn pè wọ́n, wọ́n sì di ìtàn àròsọ. Ibo ni wọ́n ti wá? Àwọn kan ti sọ pé wọ́n wa ọkọ̀ láti Gírínlándì tààrà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Awọ síìlì máa ń mu omi. Bí ó bá ti pẹ́ lójú omi fún ọjọ́ díẹ̀, yóò rọ̀, yóò wúwo, a sì gbọ́dọ̀ gbé e jáde kí ó gbẹ, kí a tún fi ọ̀rá pa á. Agbami òkun tí ó wà láàrin Gírínlándì àti Skọ́tlándì kò ní ibi tí ó tó fún irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ọkọ̀ ńlá àwọn òyìnbó apẹja àbùùbùtán ni ó jí wọn gbé wá, tí wọ́n sì bọ́ sílẹ̀, tàbí tí a dà wọ́n sínú omi, nígbà tí ilẹ̀ sún mọ́.

Ìjígbé náà kì í ṣe àbá. Ní 1605, nígbà tí Ọba Christian Kẹrin ti Dẹ́nmáàkì rán ọkọ̀ lọ sí Gírínlándì, wọ́n jí ènìyàn gbé níbẹ̀ wá sí Copenhagen, tàwọn ti ọkọ̀ wọn, wọ́n sì tún jí àwọn mìíràn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan nínú wọn bọ́ sínú ọkọ̀ wọn láti sá lọ sílé, tí a sì lé wọn mú. Ní 1654, wọ́n tún jí mẹ́rin gbé, ọkùnrin kan àti obìnrin mẹ́ta. Wọ́n ya àwòrán wọn ní Bergen, àwòrán náà sì wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì. Wọ́n dúró ní ìlà, wọ́n wọ aṣọ awọ wọn, wọ́n ń wò wá. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Adam Olearius, bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ èdè wọn sínú ìwé rẹ̀.

Níbi tí mo ti ka èyí, mo pa ìwé dé. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá mọ irú àkójọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé Koelle, Polyglotta Africana, tí ó jáde ní 1854, tí a ń yẹ̀ wò nínú kíláàsì bí ẹni pé láti ọ̀run ni ó ti já bọ́, ẹnu àwọn tí a tú sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown ni a ti kó o jọ: Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, àti àwọn yòókù. Àjàyí pàápàá, Òṣogùn ni a ti mú un ní 1821. Bí a bá ń ka ìlà ọ̀rọ̀ kan, "orí, ojú, imú, etí," ẹnìkan tí ó ti sọ ilé nù ni ó fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ kan imú ara rẹ̀, kí òyìnbó lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní Freetown, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ rí ẹni tí ó gbọ́. Ọkùnrin odò Don kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni èdè rẹ̀, bí ará Gírínlándì bá ni í ṣe, kì í ṣe èdè tí a kò mọ̀ ní Yúróòpù: Hans Egede ti dé Gírínlándì ní 1721, Poul ọmọ rẹ̀ sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè náà jáde ní 1750. Ní 1760 gan-an, ọdún tí Gastrell ń wo ọkọ̀ tí kò ní olówó, ni gírámà Poul Egede jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí a gbọ́ tirẹ̀. Ní 1816, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gírínlándì kan bá ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán dé Leith, èbúté Edinburgh, ó sì gbé qajaq tirẹ̀ dání. John Sakeouse ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Èrò rọ́ wá wò ó bí ó ti ń wa ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté. Ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ Alexander Nasmyth, nígbà tí ó sì di 1818, ọ̀gá ọkọ̀ John Ross mú un lọ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Ní ìhà àríwá Gírínlándì lọ́hùn-ún ni wọ́n ti pàdé àwọn Inughuit, àwọn Inuit kan tí wọ́n ti dá gbé pẹ́. Àwọn wọ̀nyí bi ọkọ̀ ńlá náà pé, ṣé láti inú oòrùn ni ó ti wá ni tàbí láti inú òṣùpá. Wọ́n rò pé ẹ̀dá alààyè ni, pé ìgbòkun rẹ̀ ni ìyẹ́ rẹ̀. Sakeouse jáde sí wọn lórí yìnyín. Ẹ̀ka-èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú títí ọ̀rọ̀ wọn fi wọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó kú ní Edinburgh.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìpàdé yẹn, lójú tèmi, ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn Inughuit, tí wọ́n jẹ́ Inuit, tí wọ́n ń gbé létí òkun, kò ní qajaq. Wọ́n ti pàdánù rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé àrùn kan jà, ó pa àwọn àgbà, ìmọ̀ bí a ti ń ṣe ọkọ̀ sì bá wọn lọ. Ọrun àti ọfà pẹ̀lú lọ bẹ́ẹ̀. Àrùn kan, ìran kan, ó tán. Ó di àwọn ọdún 1860 kí àwọn kan tó dé láti Baffin, ní òdìkejì omi. Qillarsuaq ni ó ṣáájú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rìn lórí yìnyín. Wọ́n bá àwọn Inughuit gbé, wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n sì tún kọ́ wọn ní ọkọ̀ kíkàn àti ọrun. Láti ìgbà náà ni qajaq ti padà sí àríwá.

Mo fi èyí wé ọkọ̀ Aberdeen. Ọkọ̀ kan wà ní pípé, tigi tawọ, nínú ìlú àwọn ọ̀mọ̀wé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó kọ́ ohunkóhun lára rẹ̀. Ní àríwá, kò sí ọkọ̀ kankan. Àwọn ènìyàn díẹ̀ dé tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, tí èdè wọn sì súnmọ́ ti onílé, ọkọ̀ sì tún wà. Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé àsọdùn ni mo ń sọ, pé igi náà ń sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ti gbọ́ èdè rẹ̀ rí ni. Ní 1959, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Glasgow kan, Ken Taylor, lọ sí Illorsuit ní Gírínlándì, ó gbé láàrin wọn, Emanuele Korneliussen sì kan ọkọ̀ kan fún un lórí ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó gbé padà wá sí Skọ́tlándì ni wọ́n yà sí ìwé, láti ara àwòrán náà ni a sì ti mú àpẹẹrẹ ọ̀pọ̀ káyàkì òkun tí wọ́n ń lò ní Bìrìtìkó. Ní Gírínlándì fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé qajaq lọ tán nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1980, Qaannat Kattuffiat, tí wọ́n sì tọ àwọn àgbà tí ó kù lọ. Ẹ rí i pé qaannat ni wọ́n lò, ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a gbé ọkọ̀ wa dé etí omi. Tèmi kò wúwo ju kílò 15 lọ. Mo gbé e lé èjìká bí ẹni gbé ẹní. Mo jókòó sínú rẹ̀, ó sì gbà mí bí àkọ̀ ṣe ń gba idà. Mo wa àjẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo bojú wẹ̀yìn kí wọ́n lè rí mi, ọkọ̀ sì dojú dé. Ọdẹ Gírínlándì ní aṣọ awọ tí ó fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ẹnu ọkọ̀, bí ó bá dojú dé, yóò fi àjẹ̀ yí ara rẹ̀ padà sókè láìjáde. Èmi jáde. Omi yẹn tutù débi pé n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ, ní èdèkédè.

Nígbà tí Bọ̀dá ti orí omi dé, ó fẹ́ gbádùn owó rẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ìbàdí rẹ̀ sì há sí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i; ara mi ni a fi wọ̀n ọ́n. Mo tún mú tépù, mo sì ka ìwọ̀n ọkọ̀ Aberdeen láti inú àwòrán. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ìbàdí àti ìkúùkù méjì ni ẹni tí ó kàn án tẹ̀ lé, a jẹ́ pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni olówó rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù mí lọ, èmi náà kò sì ní lè wọ inú rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo lè sọ nípa ọkùnrin náà.

Ọkọ̀ mi wà ní Aberdeen, ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé gáréèjì wọn. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà wálé, mo mú pẹ́ńsù, mo rọra na ọwọ́ wọ inú rẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi, orúkọ ìlú mi, àti orúkọ èdè tí mo ń sọ sí abẹ́ masik. Mo fi àmì ohùn sí i.